Irin gìtá orí itan: ìbéèrè tí ẹ ń bi wá jù lórí bí a ṣe ń yàn án

Àwọn tó ń kọ́ gìtá orí itan ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, máa ń bi wá ní ìbéèrè kan náà léraléra. Ìdáhùn wọn rèé. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Irin wo là ń sọ, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Gìtá orí itan kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́ àyà. Orí itan là ń tẹ́ ẹ sí, ojú rẹ̀ á kọ sókè, okùn rẹ̀ á ga kúrò lára igi, a kò sì ní fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irin ni ọwọ́ òsì ń dì mú. A ó gbé e lé okùn, a ó máa fà á lọ, a ó máa fà á bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa ta okùn. Lap steel ni òyìnbó ń pe gìtá yìí, tone bar ni wọ́n ń pe irin rẹ̀. Irin lásán la ó máa pè é níbí.

Ibi tí irin bá ti kan okùn ni okùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iṣẹ́ tí frẹ́ẹ̀tì, àwọn ìlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ń ṣe lára gìtá mìíràn, irin ló ń ṣe é níbí. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ohùn á tètè kú. Bí ara rẹ̀ kò bá jọ̀lọ̀, ohùn á ha. Mo ti rí ẹni tó ra gìtá olówó ńlá, tó ń fi páìpù omi ta á, tó wá ń bínú sí gìtá.

Níbo ni ọ̀nà yìí ti ṣẹ̀ wá?

Láti Hawaii, àwọn erékùṣù tó wà láàrin òkun Pàsífíìkì. Joseph Kekuku ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá a sílẹ̀. Ọdún 1874 ni wọ́n bí i ní Lāʻie, ní erékùṣù Oʻahu. Ọmọ iléèwé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣiríṣi nǹkan fa okùn gìtá, ẹ̀yìn ọ̀bẹ wà lára wọn, kó tó wá gbẹ́ irin gidi fún un níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní iléèwé náà. Ní 1904 ó sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń ṣeré káàkiri, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1932. Ní ọdún yẹn kan náà ni Rickenbacker gbé gìtá orí itan oníná tí wọ́n ń pè ní Frying Pan jáde fún títà, ọ̀kan lára àwọn gìtá oníná àkọ́kọ́ láyé.

Láàrin tiwa, ẹni tó bá ti gbọ́ jùjú Sunny Adé ti gbọ́ ohùn irin. Pedal steel tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta níbẹ̀, ẹbí kan náà ni. Ó ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, ó ní ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n irin ọwọ́ òsì wà níbẹ̀, ó kàn tóbi sí i ni.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ irin? Idẹ ńkọ́, gíláàsì ńkọ́?

Irin ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, inox gan-an ni mo sì fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò tí kì í dípẹtà. Kò ní awọ tí yóò bó, ó sì wúwo tó. Idẹ wúwo díẹ̀ jù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń rọ̀ létí, ṣùgbọ́n ara idẹ náà rọ̀: okùn á máa jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọn kò bá fi króòmù bò ó. Bí wọ́n bá sì fi króòmù bò ó, ọjọ́ tí króòmù bá bó, irin yín ti di ayùn.

Gíláàsì àti amọ̀ tí wọ́n sun tó dán máa ń fún ni ní ohùn tútù tí kò ta létí. Ìwọ̀n wọn ni wàhálà. Gíláàsì tó tóbi tó irin kan kò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́ta irin náà, alumí náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n dùn lára gìtá onígi tí kò lo iná, lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bọ́ sórí simẹ́ǹtì, ó parí.

Oríṣi ìrísí mélòó ló wà?

Mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé. Àkọ́kọ́ rí gbọọrọ, ara rẹ̀ roboto, ẹnu rẹ̀ kan yípo bí orí ọta ìbọn, ẹnu kejì tẹ́jú tàbí kó ní kòtò kékeré tí àtàǹpàkò lè sinmi lé. Ẹlẹ́nu-roboto ni mo ń pè é. Ìkejì ni Stevens: ìsàlẹ̀ rẹ̀ roboto, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, wọ́n tún gbẹ́ orí rẹ̀, kí ìka lè jókòó síbẹ̀. Oníkòtò nìyẹn. Iléeṣẹ́ Dunlop ń ṣe àwọn méjèèjì. Shubb náà ń ṣe oníkòtò.

Ìkẹta ni èyí tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì tẹ́jú bí ìgbà tí wọ́n fi ayùn gé e. Bí ẹ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ gbé e wọlé, ẹnu rẹ̀ á máa kọ́ okùn. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀.

Èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú orin tó wà lọ́kàn yín. Bí ó bá jẹ́ orin tí ń fa ohùn gùn, bíi jùjú, orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí orin Hawaii, ẹ mú ẹlẹ́nu-roboto. Bí ó bá jẹ́ orin tí ń sáré, tí irin ń fò kúrò lórí okùn tó tún ń bọ́ padà lemọ́lemọ́, bíi bluegrass àwọn ará Amẹ́ríkà, oníkòtò ló máa gbà yín.

Ọwọ́ tí kò tíì mọ irin máa ń kọ́kọ́ fẹ́ràn oníkòtò, torí ó rọrùn láti dì mú. Kò burú. Ṣùgbọ́n fífi irin dàgẹ̀rẹ̀, tí a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀, rọrùn púpọ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́nu-roboto, ẹni tó sì ti fi oníkòtò mọ́ra fún ọdún méjì máa ń ní láti kọ́ ọwọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń fún àwọn tó ń kọ́ lọ́dọ̀ mi ní ẹlẹ́nu-roboto láti ọjọ́ kìíní.

Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó, kó sì nípọn tó?

Ẹ fi rúlà wọn okùn gìtá yín láti okùn kìíní dé ìkẹyìn, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ta á. Lára ọ̀pọ̀ gìtá olókùn mẹ́fà, yóò wà láàrin mìlímítà 50 sí 57. Irin yín gbọ́dọ̀ bo gbogbo rẹ̀, kó sì ṣẹ́kù tó ìbú àtàǹpàkò kan, nítorí pé bó bá dàgẹ̀rẹ̀, ibi tó ń bò á dín kù. Mìlímítà 70 sí 76 ló wọ́pọ̀ fún okùn mẹ́fà, 80 sí 83 fún okùn mẹ́jọ.

Ní ti nínípọn, mìlímítà 19 tàbí 20 tó fún okùn mẹ́fà, 22 fún okùn mẹ́jọ. Irin tí kò ní ihò nínú, tó nípọn ní 19, tó gùn ní 70, á wọn nǹkan bíi gíráàmù 155 sí 160. Èyí tó nípọn ní 22, tó gùn ní 82, á wọn bíi 245 sí 250. Ti pedal steel tó nípọn ní 25 á kọjá 330. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ó dán lójú yín tó.

Ṣé irin tó wúwo jù ló dára jù?

Rárá. Ìwúwo ní iṣẹ́ tó ń ṣe: okùn tó ń gbọ̀n fẹ́ gbọn irin pẹ̀lú ara rẹ̀, irin tó wúwo kò ní dá a lóhùn, agbára yẹn á wà nínú okùn, ohùn á sì pẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá ibì kan, ẹrù lásán lẹ ń rù.

Bí ọrùn ọwọ́ òsì bá ń ro yín lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó ti wúwo jù. Bí ẹ kò bá lè mì í jẹ́jẹ́ lórí okùn kí ohùn máa gbọ̀n bí ohùn akọrin, ó ti wúwo jù. Bí okùn bá ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ohùn ń ga ju ibi tí irin wà lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ rántí pé a kì í tẹ irin mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́, bóyá irin rẹ̀ fúyẹ́ jù, bóyá ẹ̀rù ló ń bà á.

Níbo ni mo ti lè rí i?

Mi ò tíì rí i lórí àtẹ ní ọjà Ouando tàbí ní ọjà Kétu. Ẹ lè rán ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ gba Ìgòló, tàbí ẹni tó ń ti Faransé bọ̀. Kò tóbi, àpò ṣòkòtò gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ irin ṣe é fún yín nílé níbí.

Ṣé mo lè fi páìpù, ọrùn ìgò tàbí nǹkan inú mọ́tò dípò rẹ̀?

Páìpù omi: rárá. Ó fúyẹ́, ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, tí yóò máa họ okùn. Ọrùn ìgò ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í sí ìka lórí gìtá lásán, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í nípọn bákan náà, kò sì ní jókòó déédéé lórí okùn mẹ́fà.

Nǹkan inú mọ́tò wá. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Nínú ẹ́ńjìnì, irin kékeré kan wà tó so písítọ̀nù mọ́ apá tó ń tì í. Axe ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Wọ́n ti sun irin yẹn le, wọ́n sì ti lọ ara rẹ̀ títí tó fi dán bí dígí, torí pé inú òróró ló ti ń yí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ti mọ́tò kékeré máa ń nípọn tó mìlímítà 18 sí 22, gígùn rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 55 sí 65. Ti alùpùpù zémíjàn kúrú jù, ó sì tín-ín-rín jù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ lọ bá mẹkáníìkì tó ń tú ẹ́ńjìnì, ẹ ní kó bá yín wá axe tí kò tíì jẹ lójú kan, kí ẹ sì fi èékánná yẹ ara rẹ̀ wò yíká.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ní ihò nínú, nítorí náà kò wúwo tó, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́jú. Àwọn kan ń yọ́ òjé sínú ihò yẹn kó lè wúwo. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é: èéfín òjé májèlé ni, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí oníṣẹ́ irin gbẹ́ ọ̀pá irin tó há sínú ihò náà, kó gbá a wọlé. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, axe bẹ́ẹ̀ á sìn yín dáadáa.

Kí ni kí n sọ fún oníṣẹ́ irin kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tí à ń pè ní tourneur, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí irin kí ó lè gé e roboto. Ẹni tó ń jó irin nìkan kò lè ṣe é. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ kọ ìwọ̀n sí i, tàbí kí ẹ gbẹ́ igi bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Igi dára ju àwòrán lọ, torí ó lè dì í mú. Ọ̀pá inox oní-20 mìlímítà ni kó fi ṣe é. Kó gé e ní 72. Kó jẹ́ kí ẹnu kan yípo pátápátá bí ìdajì bọ́ọ̀lù. Kó gbẹ́ kòtò tí kò jìn sí ẹnu kejì, tó gba orí àtàǹpàkò yín. Kó sì pa gbogbo etí tó mú.

Dídán rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Nígbà tí irin ṣì ń yí lórí ẹ̀rọ, kó fi papier verre, ìwé oníyanrìn tí ń ha nǹkan, oní-240 pa á, kó bọ́ sí 400, 600, 1000, títí dé 2000, kó wá fi oògùn tí wọ́n fi ń dán irin parí rẹ̀. Kó má fo ìkankan. Ìdí tí mo fi ní kó ṣe é lórí ẹ̀rọ rèé: ìlà tíntìntín tí papier verre bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí irin ká, kó má lọ lóòró. Okùn tó nípọn ní wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn lára. Bí ìlà ara irin bá lọ lóòró, wáyà yẹn á máa kọ́ ọ, ohùn á sì máa ha ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á.

Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún mi, wọ́n kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n fi ọwọ́ nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń dán gbinrin lójú. Mo gbé e lé okùn, ó ń dún bí ẹni ń họ ìkòkò. Láti ìgbà náà, mo máa ń dúró ti oníṣẹ́ títí yóò fi parí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá irin tí wọ́n ṣe fún mi gún?

Ẹ gbé e sórí dígí tó tẹ́jú, ẹ tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sì tẹ ojú yín sílẹ̀ débi ìdúró dígí. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ wá rọra ti í kó yí lọ: bó bá ń mì jẹngẹ, kò roboto. Ẹ fi èékánná wá ibi tó ti jẹ. Ojú kì í rí ohun tí èékánná máa ń rí.

Gìtá lásán ni mo ní. Ṣé mo lè tẹ́ ẹ sórí itan?

Ẹ lè ṣe é, tí ẹ bá gbé okùn rẹ̀ sókè. Irin kékeré kan wà tí a ń fi bo igi tí okùn gbà kọjá lẹ́nu ọrùn gìtá. Ó ń gbé okùn ga débi pé irin kò ní máa kan frẹ́ẹ̀tì. Tourneur yẹn náà lè ṣe é. Kí okùn ga tó mìlímítà 8 sí 10 níbẹ̀. Irin tó wúwo gan-an kò yẹ gìtá bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi rí i dájú pé okùn kò tẹ̀ débi frẹ́ẹ̀tì. Gíráàmù 120 sí 160 ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ohùn tí ẹ óò tún okùn sí. Ti G tí wọ́n ń lò fún dobro (gìtá tó ní abọ́ irin nínú), G B D G B D, ń fa okùn tó nípọn le ju bí gìtá lásán ṣe lè gbà lọ, ó lè fa ara igi ya. Ẹ lo D, ìyẹn D A D F# A D. Gbogbo okùn níbẹ̀ ló ń rọ̀ tàbí kó dúró sí ipò rẹ̀, kò sí èyí tó le sí i.

Irin mi dán, síbẹ̀ ó ń dún ṣìì-ṣìì tí mo bá fà á. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ okùn. Okùn tí wọ́n fi wáyà roboto wé máa ń dún bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi wáyà pẹlẹbẹ wé dákẹ́ jù ú lọ. Okùn tó ti dípẹtà burú jùlọ. Bí okùn bá ṣì tuntun, ẹ wo bóyá ẹ ń tẹ irin mọ́lẹ̀.

Ariwo mìíràn ń jáde lẹ́yìn irin, lápá òsì. Ṣé kí n pààrọ̀ irin?

Rárá o. Apá okùn tó wà láàrin irin àti orí gìtá náà ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ kò sì bá ti iwájú mu. Ìka òrùka àti ọmọńdinrín ni kí ẹ fi lé okùn pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn irin, kí wọ́n máa tẹ̀lé e níbikíbi tó bá ń lọ. Irin tó bá gùn débi pé àwọn ìka yẹn kò ráyè délẹ̀ kò yẹ ọwọ́ yín.

Ọwọ́ mi ń làágùn, irin sì ń dípẹtà. Kí ni ṣíṣe?

Ní Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ tutù lọ́dún yípo. Irin tí kì í ṣe inox á dípẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá fi òógùn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn eré, kí ẹ sì nu okùn náà pẹ̀lú. Èyí tó jẹ́ irin lásán, ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ pa á lára tí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, kí ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó tún fi ta gìtá. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́, ìpẹtà kì í yára; eruku ni ọ̀tá níbẹ̀, torí eruku lára irin ni papier verre.

Bí ọwọ́ yín bá ń yọ̀ lára ẹlẹ́nu-roboto títí ẹ kò fi lè dì í mú, oníkòtò lẹ máa lò.

Tí mo bá lo irin gíláàsì, ẹ̀rọ ohùn mi ń kùn bí oyin. Tí mo bá lo irin gidi, ó dákẹ́. Ṣé gíláàsì ti bàjẹ́ ni?

Gíláàsì kò ṣe nǹkan kan. Wáyà kan wà nínú gìtá oníná tó so okùn mọ́ ohun tí àwọn oníná ń pè ní masse, ọ̀nà tí ariwo iná ń gbà jáde. Ara ènìyàn máa ń gba ariwo láti ara wáyà ilé. Bí awọ ara yín bá kan irin, tí irin kan okùn, ariwo yẹn á gba ibẹ̀ lọ sí masse. Iná kì í gba inú gíláàsì kọjá, bí ẹ bá sì tún fi èékánná oníke ta á lọ́wọ́ ọ̀tún, kò síbi tí ara yín ti kan okùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìka méjì ẹ̀yìn irin yẹn kan okùn, kíkùn á dínkù.

Ṣùgbọ́n tí okùn bá gbá yín pẹ́rẹ́ bí iná, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin mọ́. Volt 220 kì í báni ṣeré; ẹ pe oníná kó wo ilé àti ẹ̀rọ.

Mo gbé irin sí àárín ìlà frẹ́ẹ̀tì méjì bí mo ṣe máa ń fi ìka ṣe, ohùn kò bọ́ sípò. Kí ló dé?

Orí ìlà gan-an ni irin ń wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ sì wò ó láti òkè tààrà. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, okùn tó ga yẹn á tan ojú jẹ. Lẹ́yìn náà, ojú á sinmi, etí á gba iṣẹ́.

Báwo ni irin ṣe ń dàgẹ̀rẹ̀, irú irin wo ló sì gba bẹ́ẹ̀?

Irin tó gún ń fún gbogbo okùn ní ìlà kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ kí okùn kan wà ní ìlà karùn-ún, kí èkejì wà ní ìkẹfà, àfi kí irin dàgẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ẹnu roboto síwájú, síhà ọwọ́ ọ̀tún, okùn tín-ín-rín á ga sí i. Ẹ fà á sẹ́yìn, okùn tó nípọn ni yóò ga.

Gígùn tó wà láàrin ìlà kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Lára gìtá tí okùn rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 57, láti ẹnu ọrùn dé ìlà kìíní jẹ́ mìlímítà 32. Láti ìlà kejìlá dé ìkẹtàlá jẹ́ 16 péré. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe ń lọ sókè sí i ni ẹ óò máa dín ìdàgẹ̀rẹ̀ kù.

Irin oní-19 ni mo fẹ́ fún èyí. Èyí tó nípọn jù máa ń ṣòro láti yí lábẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, èyí tó kúrú sì máa ń já okùn kan sílẹ̀. Oníkòtò ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń ja ọwọ́ níyà.

Mo fẹ́ kí gìtá mi máa sọ̀rọ̀ bíi gángan. Irin wo ló yẹ?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí òun ló mú èmi fúnra mi sún mọ́ gìtá yìí. Gìtá onífrẹ́ẹ̀tì lè mú ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n á tò wọ́n bí àtẹ̀gùn. Ẹnu wa kì í rìn bẹ́ẹ̀. Tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀, a kì í fò lé e, a máa ń gùn ún lọ ni. Ẹ pe "ìyá", kí ẹ fetí sí "yá" yẹn: ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀. Tí ti ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ti òkè, ó ń yọ̀ wálẹ̀ ni, bí "rárà". Onígángan ń fún ọsán ìlù kó lè rí èyí ṣe. Àwa ń fa irin. Nínú orin ìyìn tí wọ́n ti inú èdè òyìnbó mú wá, tí orin ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ kò fẹ́, mo máa ń fi irin dá ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀nà rẹ̀, àwọn àgbà tó wà níjókòó sì máa ń gbọ́ ọ.

Ẹlẹ́nu-roboto ni kí ẹ lò, inox tàbí idẹ, gíráàmù 150 sí 200. A ó gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹnu roboto nìkan kan okùn kìíní, èyí tó tín-ín-rín jù, torí ohùn kan ṣoṣo la fẹ́. Tí okùn bá wà ní D, ẹ fi ìlà kẹta ṣe ohùn ìsàlẹ̀, ìkarùn-ún ṣe ti àárín, ìkeje ṣe ti òkè, kí ẹ wá máa pe orúkọ ìlú. Kétu: ẹ ta á ní ìkeje, ẹ tún un ta ní ìkarùn-ún. Àjàṣẹ́: ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì ní ìkẹta, ẹ ta ẹ̀ẹ̀kẹta níbẹ̀ náà, kí ẹ fa irin gùn dé ìkeje.

Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń dán irin wò. Ẹ ta á ní ìkeje. Ẹ tún un ta, kí ẹ fa irin wálẹ̀ dé ìkẹta, kí ẹ má tún ta okùn mọ́, kí ẹ fà á padà sókè dé ìkeje. Bí irin bá fúyẹ́ jù, ohùn á ti kú kí ẹ tó gun òkè kejì yẹn, "Ṣábẹ̀" lásán ni ẹni tó ń gbọ́ yín á gbọ́.